Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwọ̀n Pákó Ọkọ̀ Àjẹ̀ ti Àríwá Amẹ́ríkà

Nínú orí kẹfà Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni a ti rí ìwọ̀n ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìwé Mímọ́ dárúkọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 300 ìgbọ̀nwọ́, ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 30. A sọ irú igi tí a ó fi kàn án, a sì pàṣẹ fún Nóà pé kí ó fi ọ̀dà kùn ún nínú àti lóde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ayùn ṣiṣẹ́ rí yóò ṣàkíyèsí pé a kò sọ bí pákó náà yóò ti nípọn tó. Ó dà bí ẹni pé a fi èyí sílẹ̀ fún ọwọ́ Nóà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tí a fi sílẹ̀ fún ọwọ́ yìí ni a fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ wa, a kò sì ní lọ sí òkè Árárátì láti wá a, bí kò ṣe sí àwọn odò Maine ní Amẹ́ríkà àti ti Kánádà tí ó bá a pààlà, níbi tí ìbéèrè náà ti ń dé iwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe: pákó tuntun tí mo fẹ́ fi sí i yìí, báwo ni kí ó ti nípọn tó, báwo ni kí ó ti fẹ̀ tó, ibo ni kí ó sì parí sí?

Fún àwa tí a mọ ọ̀sà àti odò ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè yìí lè ṣàjèjì díẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn baba wa mọ̀ jùlọ ni èyí tí a gbẹ́ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo. Agbẹ́kọ̀ ni ó ń pinnu iye igi tí yóò ṣẹ́kù sí ìdí ọkọ̀ àti èyí tí yóò ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́ olùkọ́, àwa pẹ̀lú bá wọn lọ́wọ́ sí títún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ṣe, èyí tí ìjọ ń lò láti kọjá odò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lu. A wá pákó tí ó nípọn jùlọ nínú ọgbà, a fi ìṣó ńláńlá kàn án mọ́ ọn, inú wa sì dùn sí agbára rẹ̀. Kò pé ẹ̀ẹ̀rùn kan tí igi àtijọ́ tí ó yí pákó wa ká fi là láti orí ìṣó dé orí ìṣó. Pákó tiwa kò ní nǹkan kan tí ó ṣe é. Ẹ̀kọ́ náà kò yé wa nígbà náà. A rò pé igi ọkọ̀ ni ó ti gbó jù. Ìgbà tí a kà nípa iṣẹ́ àwọn ará Maine ni a tó mọ̀ pé àwa ni a jẹ̀bi.

Àwọn Penobscot, àwọn Maliseet, àwọn Ojibwe, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ní ìhà ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ kan tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Èèpo igi birch ni ara rẹ̀. Wọ́n a bó èèpo náà ní ńlá, wọ́n a tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n a gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, wọ́n a fi gbòǹgbò igi spruce rán an, wọ́n a sì fi oje igi dí ojú ibi tí a rán. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n a to pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti igi kédárì sínú rẹ̀ láti imú dé ìdí. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n a fi agbára ti egungun ìhà wọlé, kí ó lè na pákó àti èèpo síta, kí gbogbo rẹ̀ sì le gírígírí bí awọ ìlù. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kédárì ti Lẹ́bánónì, tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì, ni èyí, orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.)

Wọn kì í fi ayùn gé pákó wọ̀nyí. Wọ́n ń là á bí igi fúnra rẹ̀ ti fẹ́ là, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu títẹ̀ fá a títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì. Etí pákó kan a máa gun etí èkejì díẹ̀, wọ́n a sì fá etí méjèèjì kí ibi tí wọ́n ti pàdé má bàa yọ gọnbu. Kò sí ìṣó kankan nínú iṣẹ́ náà: egungun ìhà ni ó ń tẹ pákó mọ́ èèpo. Ohun tí ó fa fífúyẹ́ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Odò ilẹ̀ wọn kún fún àpáta àti ìṣàn kíkan, láti inú adágún kan dé òmíràn a sì máa fi ilẹ̀ gbígbẹ là wọ́n láàárín. Ọkọ̀ ń gbé ènìyàn lórí omi, ènìyàn a sì gbé ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Gbogbo igi tí kò wúlò lára rẹ̀, èjìká ni yóò ru ú.

A kò lè ṣàì mẹ́nu kàn án níhìn-ín pé ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà tí ó rán ìránṣẹ́ wá sí Abẹ́òkúta àti sí odò Ọya ni ó rán John Horden lọ sí Moose Factory ní etí James Bay ní ọdún 1851. A fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Moosonee ní 1872, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí a fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bí èyí ti ń gun odò Ọya ní ilẹ̀ olóoru, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn ń fi ọkọ̀ èèpo igi la ilẹ̀ olótùútù já láti bẹ agbo rẹ̀ wò. Orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn onílẹ̀ fi ọ̀bẹ fá ni Ìhìn Rere ti kọjá lọ sí ọ̀pọ̀ ibùdó ní ìhà ibẹ̀.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìyípadà dé. Igi birch ńlá tí èèpo rẹ̀ dára ń ṣọ̀wọ́n, aṣọ kánfáàsì sì wà lọ́jà fún ẹnikẹ́ni tí ó ní owó. Ní ìlú Bangor, ní ìpínlẹ̀ Maine, Evan Gerrish wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kan ọkọ̀ onígi tí a fi kánfáàsì bò fún títà. Láàárín ọdún 1875 sí 1885 ni iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. E. M. White àti B. N. Morris tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí 1898 ni iṣẹ́ tí ó di Old Town Canoe Company bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Old Town. Ìlú yìí kọjú sí Indian Island, erékùṣù àwọn Penobscot; omi odò wọn nìkan ni ó là wọ́n láàárín. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ọkọ̀ ìhà méjèèjì odò náà pọ̀ kò ní béèrè ẹni tí ó kọ́ ẹnìkejì níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kafíńtà Maine yí ètò iṣẹ́ náà padà láti òkè délẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ara, wọ́n sì ń fi egungun parí. Àwọn ará Maine ń bẹ̀rẹ̀ láti egungun, wọ́n sì ń fi ara parí. Wọ́n fi igi ṣe ère ọkọ̀ kan, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n sì de ọ̀já irin mọ́ ibi tí egungun ìhà kọ̀ọ̀kan yóò wà. Wọ́n fi oru omi gbígbóná rọ egungun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ère náà, wọ́n to pákó lé e, wọ́n sì fi ìṣó idẹ kéékèèké kàn án. Bí ìṣó ti gba inú pákó àti egungun kọjá, ẹnu rẹ̀ a kan ọ̀já irin, a ṣẹ́rí padà, a sì tún wọ inú igi bí ìkọ́ ẹja. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ọkọ̀ kúrò lórí ère, a ó na kánfáàsì bò ó, a ó fi ohun tí ń dí ojú aṣọ kùn ún, a ó sì fi ọ̀dà kùn ún lé e. Nínú ọkọ̀ yìí, pákó kò dá omi dúró. Aṣọ ni ó ń dá omi dúró. Iṣẹ́ pákó ni láti fún aṣọ ní ara tí yóò nà lé lórí, àti láti so egungun gbogbo pọ̀ di ọ̀kan.

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ Old Town nìyí. Egungun ìhà jẹ́ kédárì funfun, ìnípọn rẹ̀ 5/16 íǹṣì, ìbú rẹ̀ 2 3/8 íǹṣì. Pákó jẹ́ kédárì pupa tí a ń kó wá láti etí òkun Pàsífíìkì, nítorí pé ó gùn, kò sì ní kókó púpọ̀. Ìnípọn rẹ̀ 5/32 íǹṣì. Bí ẹ bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 32, márùn-ún péré nínú rẹ̀ ni. Ẹ ó rí i pé ìdajì egungun ìhà gan-an ni pákó. Ìṣó tí a fi ń kàn án sábà máa ń jẹ́ 11/16 íǹṣì.

Ní ibi yìí ni ìjà wà láàárín ọkọ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí ó pé 80 tàbí 100 ọdún dé ọwọ́ ènìyàn rere kan. Pákó méjì tàbí mẹ́ta ti fọ́ nínú rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta igi, pákó tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jùlọ tí ó rí sì jẹ́ 1/4 íǹṣì. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ó nípọn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, ọkọ̀ yóò tún lágbára sí i." Ọ̀rọ̀ tí àwa náà sọ ní etí odò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi ìdá 32 wọn gbogbo rẹ̀, ìṣó jẹ́ 22. Pákó àtijọ́ jẹ́ 5, egungun jẹ́ 10, àpapọ̀ 15. Ó ku 7 tí yóò ṣẹ́rí padà wọ inú igi. Pákó ti ọkùnrin yìí jẹ́ 8. Òun àti egungun di 18. Ó ku 4 péré. Ẹnu ìṣó tí ó ku 4 kò tó láti di igi mú. Bí ó bá ní òun yóò lo ìṣó tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò tíì tán. Pákó rẹ̀ yóò yọ síta ju aládùúgbò rẹ̀ lọ ní ìdá 3 nínú 32, kánfáàsì yóò sì gbé etí náà hàn bí ọgbẹ́ tí a fi aṣọ bò. Bí ọkọ̀ bá ti ha àpáta, ibẹ̀ gan-an ni aṣọ yóò ti kọ́kọ́ jẹ. Bí ó bá sì fi ìfági fá a títí yóò fi dọ́gba, ìfági yóò pàdé orí ìṣó, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ti padà sí 5/32 tí ó ń sá fún.

Èyí tí ó burú jù kò hàn sí ojú. Ọkọ̀ yìí ń rọ̀ bí ó ti ń lọ. Bí ó bá gun orí òkúta, gbogbo ìdí rẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀, a sì padà. Bí apá kan bá le ju àwọn yòókù lọ, kì yóò bá wọn tẹ̀, gbogbo ìnira náà yóò sì bọ́ sí etí rẹ̀, sára igi àtijọ́ tí ó ti gbó tí ó sì ti gbẹ. Pákó tuntun yóò wà láìlábùkù, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì là. Àti pé bí a bá fi irú pákó bẹ́ẹ̀ rọ́pò gbogbo pákó ọkọ̀, ìwúwo pákó yóò pọ̀ sí i ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, èjìká ni yóò sì gbà á.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í gbàgbọ́ nínú 5/32 pàápàá títí wọn yóò fi wọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú wọn. Nígbà tí a kọ́kọ́ kan ọkọ̀ ni a ti fá ojú pákó kí ó lè jọ̀lọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá sì pààrọ̀ kánfáàsì, a tún lè fá a díẹ̀. Nítorí náà pákó àárín ọkọ̀ lè ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí ó ti rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí ó dára láti wọn ọ́n ni abẹ́ igi etí ọkọ̀, níbi tí a ti bo pákó mọ́lẹ̀ tí irin kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n abẹ́ igi etí ọkọ̀ ni ti ẹni tí ó kan án. Ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ ihò tí a fẹ́ dí ni ti òní. A ó gé pákó tuntun ní ìwọ̀n ti àkọ́kọ́, a ó kàn án, a ó sì rọra fá a títí yóò fi bá ti òní dọ́gba.

Nítorí pé irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ẹni náà lè ní láti là á fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní pákó íǹṣì kan, tí ó fẹ́ là á sí 3/16 kí ó lè ní ohun tí ìfági yóò mú kúrò, ayùn tí ojú rẹ̀ ń jẹ 1/8 íǹṣì yóò fún un ní mẹ́ta. Ayùn tí ń jẹ 1/16 yóò fún un ní mẹ́rin. Nínú irú iṣẹ́ yìí, èyí tí ayùn ń sọ di ìyẹ̀fun kì í ṣe ohun kékeré. Kí ó yan igi tí ìlà ọjọ́ orí rẹ̀ dúró lóòró ní ẹnu ibi tí a gé, nítorí irú rẹ̀ kì í wú tàbí sún kì púpọ̀ ní ìbú. Kí igi náà sì ti gbẹ dáadáa: igi tútù tí a fún pọ̀ mọ́ra lónìí, àlàfo ni yóò wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Omi gbígbóná tí a dà sí i kí a tó tẹ̀ ẹ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú èyí. Ìyẹn a tètè lọ.

Ní ti ìbú, kò sí ẹni tí ó tún ní ẹ̀tọ́ láti yan án. Ìlà pákó hàn nínú ọkọ̀ láàárín egungun kan àti èkejì, ojú sì ń tẹ̀ lé e láti imú dé ìdí. Ẹni tí ó bá fi pákó méjì tóóró sí ààyè ẹyọ kan tí ó fẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ ni yóò máa wò ó títí. Ní ti gígùn, orí egungun ni pákó gbọ́dọ̀ parí sí, ní àárín gbùngbùn ìbú rẹ̀, kí ìṣó ti ìhà méjèèjì lè rí ibi dì mú. Pákó méjì tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kò sì gbọ́dọ̀ parí sí orí egungun kan náà. Ó sàn kí a yọ pákó dáadáa díẹ̀ sí i, kí a lè dé egungun tí ó yẹ, ju kí a fi ẹ̀lẹ̀ kúkúrú sí ibi tí ó fọ́ nìkan. Èyí máa ń dun ẹni tí ó ń ṣe é, a mọ̀.

Kí á má sì ṣe gbé ìwọ̀n Maine lọ sí ibi gbogbo. Ní Peterborough, ní Ontario, láti nǹkan bí ọdún 1860, John Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan ọkọ̀ tí kò ní kánfáàsì rárá: pákó gbọọrọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí a fi ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú irú ọkọ̀ yẹn, pákó ni ó ń dá omi dúró, nítorí náà ó ní ìnípọn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kan ọkọ̀ ní Maine, a rí àwọn tí ń fá etí pákó kí ọ̀kan lè gun èkejì, kì í ṣe kí wọn kàn fẹnu ko ẹnu. Lójú tiwa, ọ̀bẹ àwọn Penobscot ni ó ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa dé ibi tí ìtàn náà ti dùn wá. Ní ọdún 1905, ilé iṣẹ́ Chestnut ti Fredericton, ní New Brunswick, gba ìwé àṣẹ ìjọba Kánádà lórí ọkọ̀ tí a fi kánfáàsì bò, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀. Gerrish sì ti ń ta tirẹ̀ ní Bangor ní ọdún ogún ṣáájú. Ṣùgbọ́n Gerrish náà kò ti inú ara rẹ̀ mú un jáde. Orúkọ Gerrish, White, Morris àti Chestnut ni ó wà lára ọkọ̀. Orúkọ àwọn tí ó fi ọ̀bẹ wá ìwọ̀n náà rí, tí wọ́n mọ ìgbà tí igi ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó àti ìgbà tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò sí lára ohunkóhun. Àwọn Penobscot wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ Old Town, wọ́n ń gba owó ọ̀yà lórí ọgbọ́n tí ó jẹ́ ogún baba wọn. A kò sọ pé kafíńtà Maine kò fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ère ọkọ̀ àti ọ̀já irin rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a yìn. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹnì kan gbìyànjú láti kọ ọ́. Edwin Tappan Adney jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí ó dé ìhà Woodstock, ní New Brunswick, ní 1887, ó sì kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ èèpo igi lọ́dọ̀ Maliseet kan tí ń kàn án. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1950, ó ń wọn ọkọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ìnípọn pákó àti ìbú egungun sílẹ̀, ó sì kan àwòrán ọkọ̀ kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ gidi. Wọ́n wà ní Mariners' Museum ní ìpínlẹ̀ Virginia. Howard Chapelle ni ó kó ìwé rẹ̀ jọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1964. Nípa iṣẹ́ yìí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn fi rí ìwọ̀n baba wọn padà nígbà tí wọ́n tún fẹ́ kan ọkọ̀.

Old Town pẹ̀lú pa ìwé mọ́. Nọ́ńbà ni a tẹ̀ sí igi imú àti ti ìdí ọkọ̀ wọn kọ̀ọ̀kan, káàdì kan sì wà tí ó ní nọ́ńbà náà: irú ọkọ̀ tí í ṣe, gígùn rẹ̀, igi tí a fi kàn án, àti ọjọ́ tí ó jáde kúrò nílé iṣẹ́. Wooden Canoe Heritage Association, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, ti ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ya àwòrán káàdì wọ̀nyí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ àtijọ́ lè mọ̀ bóyá kédárì ni pákó rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tàbí ẹlòmíràn ni ó ti fi igi mìíràn sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ Morris. Iná jó ilé iṣẹ́ yẹn ní Veazie ní òpin ọdún 1919, ìwé rẹ̀ sì bá iná lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ẹlòmíràn láti bi léèrè. Yóò tú igi etí ọkọ̀, yóò wá ibi tí ìfági kò dé rí, yóò sì wọn pákó náà níbẹ̀.